Aago Mẹ́fà Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú

Èmi ni mo ń lu agogo ẹgbẹ́ wa ní Waitótò,
agogo idẹ kan báyìí, kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ,
tí wọ́n tú lára ọkọ̀ apẹja tó fọ́
nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọ ọwọ́.
Ìpẹ̀kun Niú Sílàńdì níhà gúúsù la wà,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti kọ́ igi ní ìtẹríba.
Gbogbo Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́,
ènìyàn méjìdínlógún a wọlé tàwọn ti òjò léjìká.

Ohun tá à ń ṣe ò kọjá agbára ẹnikẹ́ni:
a kun àga ibi ìṣeré, a la igi ìdáná fún àwọn opó,
a ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún ọmọ Tavita.
Bá a bá jẹ ẹran àgùntàn àti ọ̀dùnkún tán
Désímọ́ǹdì a dìde pẹ̀lú agolo,
a bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìtanràn:
dọ́là kan fún ẹni tó gbàgbé báàjì,
dọ́là méjì fún Áífà, torí màlúù rẹ̀ já okùn
ó lọ dúró bí oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́.
Ẹ̀rín. Owó a dún nínú agolo.

Ní Ọjọ́rú yẹn a ní àlejò,
Noelíìnì tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé.
Àlejò kọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n,
a kàn ò mọ ibi tá a máa fi ojú sí ni.
Ó gbé láísẹ́ǹsì Rúárì, ọmọ rẹ̀, sórí tábìlì.
“Ó wà níbí,” ó ní. “Olùtọrẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.”
Ó dákẹ́. Òjò ń bá páànù sọ̀rọ̀.

“Ṣùgbọ́n dókítà ò bi káàdì. Èmi ló bi.
Aago mẹ́rin ìdájí, yàrá kan tó ń rùn bí ọṣẹ,
ọkàn ọmọ mi ń lù, ọpọlọ rẹ̀ ti lọ.
Ó ní, kí ni Rúárì ì bá fẹ́?
Èmi tí mo mọ iye ṣúgà tó ń bu sí tíì
mi ò mọ̀.
A sọ̀rọ̀ táyà, a sọ̀rọ̀ rọ́gíbì,
a jà nítorí táwẹ́ẹ̀lì tútù lórí bẹ́ẹ̀dì.
Èyí, a ò sọ ọ́ rí.
Ọ̀rọ̀ kan yìí ló gbà mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó tó wákàtí méjì kí bẹ́ẹ̀ ni náà tó jáde.”

Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹnì kan wà níbì kan
tó ń tọ̀ láì so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ,”
òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
“Ẹlòmíràn ń fi ojú rẹ̀ ríran.
Ó wù mí kó jẹ́ òkun ló ń wò.”

Áífà, tó máa ń bá aago ara ògiri pàápàá jiyàn,
ò jiyàn. Ó ní, “Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí.
Ta ló fẹ́ ẹ̀dọ̀ tí bíà ti bà jẹ́?”
“Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, Áífà.
Iṣẹ́ tìẹ ni kó o sọ fún Múríẹ́lì.”

Désímọ́ǹdì dìde. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
“Ìtanràn. Dọ́là márùn-ún,
ẹnikẹ́ni tí kò tíì sọ fún ará ilé rẹ̀.”
Òun ló kọ́kọ́ san.
Agolo yí ká, ó wúwo dé ọ̀dọ̀ mi.

Wọ́n ní kéèyàn fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro.
Mo ti fi tèmi lé e láti ìgbà tí aya mi ti kú,
kò sí ẹni tí mo sọ ibi tó kàn fún.
Mo délé, mi ò tíì bọ́ bàtà,
mo pe ọmọ mi Rowéná ní Dùnẹ́dìn,
lálẹ́ Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè é.
“Dádì, ṣé kò sí? Ara yín ńkọ́?”
“Ara mi le,” mo ní.
“Ọ̀rọ̀ ara náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ.”